Ṣọ́jà tó Kú nínú Àwòrán

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ Gàníyù, ọkọ Ṣadé, ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù tí èmi àti Ṣadé ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham. Ṣadé sá gba ẹ̀yìn jáde.

"Ìwọ tí ò ń fi ìyàwó mi pamọ́, ìwọ ló kàn!"

Ó gún mi léjìká. Mo ṣubú sábẹ́ àwòrán ilẹ̀ Faransé kan tí mo máa ń nù láràárọ̀: ọ̀gágun lórí ẹṣin lẹ́yìn ogun, ṣọ́jà kan kú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó lanu. Mo lanu bíi tirẹ̀, n kò mí. Gàníyù ta mí nípàá.

"Ó ti kú," ló wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ tí adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ni mo tó lè padà nu àwòrán náà. Mo kí ṣọ́jà yẹn: "Ẹ ṣeun, sà."