Ọkọ̀ Tí Mo Sá Bí Èlùbọ́

Ẹ má bi mí ohun tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe láàárín ọ̀dàn. Ìyàwó mi ti bi mí tán. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, níbi tí ìjọba ti sé odò, omi náà tẹ́ lọ salalu, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé àlejò á máa wá gbafẹ́ níbẹ̀. Mo lọ ra ọkọ̀ onípákó kan láti Ẹ̀pẹ́, ó ní ìjókòó mẹ́jọ, ó ní ìbòrí nítorí oòrùn, ó sì ní ẹ́ńjìnnì kékeré lẹ́yìn. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni mo pè é. Àlejò tó gbafẹ́ nínú rẹ̀ kò pé ogún títí di òní. Àwọn tó ń lọ sọ́jà lódìkejì ló ń wọ̀ ọ́, àwọn àti ewúrẹ́ wọn.

Òdìkejì omi náà ni ìyá mi ń gbé, lábúlé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ó ní òun ò kúrò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣókùnkùn láti bí ọdún mẹ́ta. Àwọ̀ funfun kan ló bo ẹyin ojú, wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Ojú lọba ara. Ìyá tó máa ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lójú àtùpà wá di ẹni tó ń fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá kí i, á ní, "Ìwọ nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn máa ń dùn mí dé egungun.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún làwọn dókítà ojú máa ń wá sí ilé ìwòsàn ìlú wa. Lọ́dún náà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n bọ́ sí, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sì máa kógbá sílé. Ẹni tí kò bá bá wọn, ó di àmọ́dún.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ já okùn ọkọ̀ mi, tó gbé e lọ gbá kùkùté. Oko ni abẹ́ omi yẹn tẹ́lẹ̀. Igi irú àti igi òrí tí omi bò mọ́lẹ̀ ṣì wà lóòró, tí omi bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí wọn á máa yọ. Pákó kan fọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀. A wọ́ ọ gòkè. Kò sí ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní gbogbo agbègbè wa, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni mo pè. Ọmọ Ìgànná ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọjọ́ méjì ló fi pààrọ̀ pákó náà.

"Tíṣà, ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká tì í sómi."

Èmi ni mo kọ̀. Mo fọwọ́ kan ikùn ọkọ̀, ó ṣì tutù. Níbi tí wọ́n bí mi sí, ohun tó bá tutù kò tíì dáa. Èlùbọ́ ni, láfún ni, àgbàdo ni, ẹ̀wà ni, sísá là ń sá a. Bí wọn ò bá sá a, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n dojú ọkọ̀ dé sórí àpáta kí oòrùn lè pa á dáadáa. Lẹ́yìn ìjì yẹn òjò ti dáwọ́ dúró, oòrùn ń mú ganrínganrín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ fọwọ́ kàn án, tí mò ń mi orí bí ẹni tó mọṣẹ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì káwọn dókítà lọ, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a tì í sómi. Háà! Kí n tó ka ẹẹ́wàá, omi ti dé kókósẹ̀ mi. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń jò. Gbogbo ibi tí pákó ti pàdé pákó ló ń tu omi.

Mo yíjú sí káfíńtà, mo sì bú u. Mo ní ṣé òrùlé ilé adìẹ ló kàn fún mi ni? Mo ní bí ìyá mi ò bá ríran mọ́, ọrùn rẹ̀ ló wà. Ẹnu mi burú tí inú bá ń bí mi, èmi náà mọ̀.  Káfíńtà na ìka sí pákó tuntun.

"Ẹ wò ó, Tíṣà. Eléyìí tí mo kàn kò jò. Àwọn tó bá ọkọ̀ wá ló ń jò."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú jù. Ọ̀nà míì ò sí. Afárá igi tó wà lọ́nà ilẹ̀ ti já lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ sì ti di ẹrọ̀fọ̀ tó ń gbé ọ̀kadà mì. A tún wọ́ ọkọ̀ gòkè. Bí ojú ọ̀run ṣe ṣú nìyẹn, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé erùpẹ̀ pupa. Mo sáré mú tapólì kí òjò má baà tún bà á jẹ́ kọjá bó ṣe wà.

Bàbá apẹja kan wà létí omi wa, láti ìhà Kẹ́bí ló ti wá, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé Yorùbá ló fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kó fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé ìyá mi. Ó ní rárá, ọkọ̀ òun tẹ́ẹ́rẹ́, àgbàlagbà tí kò ríran tí orúnkún sì ń dùn kò lè lóṣòó nínú rẹ̀ lójú ìgbì. Ìjì náà ló lé e wálé, tó bá mi níbi tí mo ti ń bá tapólì jà.

"Tíṣà, ẹ má bò ó. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sínú ẹ̀."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá kún ìyà mi."

Ó rọra gba tapólì lọ́wọ́ mi, ó ki ìka bọ àlàfo tó wà láàárín pákó méjì. "Ta ló sá a?"

 Káfíńtà wò mí, ó wolẹ̀, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Pákó ọkọ̀ kì í ṣe èlùbọ́," bàbá ní. "Tó bá gbẹ, ó máa súnkì. Ẹ jẹ́ kó mumi yó, yóò wú, ojú rẹ̀ yóò sì pa dé."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. A dojú ọkọ̀ sókè, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà bàbá, a ń wo òjò. Lákọ̀ọ́kọ́, bí omi ṣe ń wọlé lókè ló ń jò jáde nísàlẹ̀. Òjò ọ̀hún rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún jí rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó bá dá díẹ̀, àwa náà á fi korobá pọn omi kún un. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, omi dúró sínú ọkọ̀ bí ìgbà tó wà nínú àmù. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wá ibi tó ń jò, n ò rí. Mo di káfíńtà mọ́ra, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò séwu, pé kí n má ṣáà sá òun náà o.

Ní kùtù Ọjọ́bọ̀ a gbọ́n omi kúrò, a sọdá. Ìyá mi ti dúró létí omi pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tọ́ inú ọkọ̀ wò.

"Ṣé ọkọ̀ yìí dáa ṣá?"

"Ó dáa, Ìyá. Ẹ jókòó."

"Bó o bá ti ní ó dáa, ó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ìgbì lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi gúnlẹ̀, ojú mi ò kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀. Omi tó wọlé kò ju èyí tí èèyàn lè fi àkísà nù lọ.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn o," ni nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ nílé ìwòsàn wí. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, mo sunkún, n ò tijú. Alihamdulilahi. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe, wọ́n ní ti òsì di àmọ́dún.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń gbé e padà sílé. Ó wo omi, ó wo àwọn igi tó yọrí, ó wo irun mi, ó ní mo ti hewú, n ò sì sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ó rí pákó tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó rí ìṣó tó yọ eyín, ó rí àkísà tí a fi dí igun kan, ó rí agolo tí a fi ń gbọ́n omi. Ó fọwọ́ lé àyà.

"Èyí lo fi gbé mi lọ́jọ́sí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Háà! Orí ló yọ ọ́. Ká ní mo ríran lọ́jọ́ náà ni, mi ò bá tí wọ̀ ọ́."