Orúkọ Bàbá Àgbà Lára Ògiri Ilé Ìwé

"Tún un kà, ọmọ mi. Ohùn rẹ ò dé etí mi."

Ohùn mi dé etí rẹ̀ dáadáa. Ó dé etí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa pàápàá. Ara ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa l'Oǹdó ni wọ́n lẹ ìwé orúkọ àwọn olùdìbò mọ́, kí aráàlú lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ìbò tó dé.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, ò mọ̀wé kà, àmọ́ kò sí ìgbà tí wọ́n lẹ ìwé yẹn tí kò mú mi dání lọ. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń wọ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú àpótí débi pé òórùn káńfọ̀ á ṣáájú wa débẹ̀. Èmi á máa kà, òun á máa dáhùn. "Ó wà, Ìbàdàn ló ń gbé." "Ó wà, ó kàn ń bá mi bínú ni." "Ẹni yẹn ti kú o." Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ á sì sàmì sí orúkọ náà kí wọ́n lè yọ ọ́. Nígbà ìbò kan, ẹnìkan ti fi orúkọ òkú dìbò ládùúgbò wa, màmá sì pariwo rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni mo kà. Bàbá àgbà kò tíì pẹ́ tó kú. Mo tún un kà bó ṣe ní kí n ṣe, mo sì fi ìka hàn án níbi tó wà. Ó gbọ́wọ́ lé orúkọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná.

"Màmá, ṣé Bàbá wà?" Akọ̀wé ló béèrè.

Obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn wa. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ jàre. Ṣé wọ́n ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ yín ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, màmá náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó gbà. Sàréè bàbá àgbà ò tíì ní símẹ́ǹtì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọ́n kọ orúkọ sí i. Lójú tèmi, ara ògiri yẹn nìkan ló kù tí èèyàn ti lè rí i kà.

"Ó ti lọ," màmá wí. "Ẹ yọ ọ́. Ọkọ mi ò ṣe màgòmágó láyé, ẹnikẹ́ni ò ní fi orúkọ rẹ̀ ṣe é." Ó wá yíjú sí mi. "Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó yọ ọ́."

Mo kà á. Ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Bàbá wa." Bí a ṣe ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Alágbàká l'Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nígbà tí mo gbọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé wọ́n ti tún lẹ ìwé orúkọ l'Oǹdó, mo wọkọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ògiri kan náà ni, wọ́n kàn ti tún un kùn. Mo rí orúkọ màmá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ti kú, ó sì ṣe mí bíi kí n dákẹ́, kí n máa bá tèmi lọ. Àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni tó kú títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, kó má sì parọ́ nítorí rẹ̀.

"Ṣé wọ́n wà?" akọ̀wé bi mí.

Mo ní, "Wọ́n ti lọ. Ẹ yọ wọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."