Ìyá Fáànù Dín Iná Kù

Nígbà tí Ìyá Fáànù wà nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ní kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Ó ní òun kò rán. Bàbá rẹ̀ ní obìnrin tó bá ń ya àwòrán ilé onílé kò ní rí ilé ọkọ gbé; ó rí ilé ọkọ gbé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ya ilé náà, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń pẹ́ sí nígbàkigbà tó bá wá kí i. Làkúrègbé mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́dún tó di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ó gbé pẹ́ńsù bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó fi làkúrègbé sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Kọ̀ǹpútà dé, wọ́n da àwọn pátákó ìyàwòrán sẹ́yìnkùlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀yìn tì lọ́ranyàn, òun fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ìwọ yìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá?" Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé-iṣẹ́ kú, kò jí mọ́, àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló sì wà láti ìsàlẹ̀ dé yàrá rẹ̀. Ó ń gùn ún láràárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i pé ó kú ìrọ́jú, á ní àtẹ̀gùn ni kí wọ́n kí, òun ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í rí ilé rẹ̀ títí yóò fi náwó tán sórí rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti fi ilé náà hàn án ṣáájú, kó rí bí oòrùn yóò ṣe gba fèrèsé wọlé, kó sì rìn láti pálọ̀ dé yàrá láìfi ẹsẹ̀ kan bíríkì kankan. Òun á fa ilà; kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe bọ́ sára ògiri kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yìí ni wọ́n ń pè ní sísè níbi iṣẹ́ wọn, nítorí pé ó ń pẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná kó tó jinná. Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì kọjú rẹ̀ sí, kì í ṣe ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Fáànù ti wá.

Ọdún mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà náà ti lò. Ìyá Fáànù kọ lẹ́tà mẹ́rin sí ọ̀gá pé kí wọ́n fún òun ní tuntun. Èsì àkọ́kọ́ ni, "A ti rí i." Èkejì, "A ó wò ó." Ẹ̀kẹta, "A ń wò ó." Kò sí èsì fún ẹ̀kẹrin, ó ní bóyá ojú ti ń dun ọ̀gá.

Tuntun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí tábìlì àbúrò ìyàwó ọ̀gá, nínú yàrá kan náà, ló balẹ̀ sí. Ọkùnrin yìí, tí gbogbo wọn ń pè ní Àna, ti pé ẹni ogójì ọdún. Oṣù mẹ́ta ló ní òun fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Ó ti wọ ọdún kejì. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀gbẹ́ onídíńgí, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn nínú rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Òfin ọ̀gá nìyẹn: kò sí ohun tuntun kan tí wọ́n gbọdọ̀ bọ́ ọ̀rá rẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé tuntun ni. Àga tí Àna ń jókòó sí pàápàá wà nínú ọ̀rá. Bó bá ti yí ìdí padà, gbogbo ilé-iṣẹ́ á gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ìyá Fáànù.

"Ìyá wa, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Àna ni yóò máa sè àwòrán. Ẹ̀yin ẹ wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa gba àlejò. Ẹ ti dàgbà. Ẹ sinmi díẹ̀."

"Ọ̀gá, ta ló dàgbà? Ṣé èmi ni, àbí ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

"Kò burú. Dókítà tó ń kọ́ ilé ìwòsàn ń bọ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí èmi àti Àna sè ilé kan náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá jinná kí dókítà tó wọlé ló ni iṣẹ́ náà àti tábìlì mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá kùnà, èmi fúnra mi ni n óò gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí àga rẹ̀ fi dáhùn. Ó gbà.

Wákàtí mẹ́jọ ni ẹ̀rọ Ìyá Fáànù yóò fi sè irú ilé bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ló ní. Ó ṣí ìwé kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá, tí ẹnikẹ́ni kò kà rí, ó sì rí i níbẹ̀ pé èèyàn lè fún ọpọlọ ẹ̀rọ ní eré ju bí wọ́n ṣe gbé e wá lọ. Ṣùgbọ́n eré ń fẹ́ iná, iná sì ń bí ooru. Bí ooru náà bá ti tó ọgọ́rùn-ún, bí ti omi tó ń hó, ọpọlọ á dẹ eré rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Bó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, á pa ara rẹ̀ fi kọ́ni lọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó tú ẹ̀rọ. Ìpara tó yẹ kó máa gbé ooru láti ara ọpọlọ lọ sára irin tó ń tù ú ti gbẹ bí ikun imú ọmọdé. Ó fi sípíríìtì nù ún, ó kán òmíràn tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ sí i.

Àna ń wò ó. "Ìyá Fáànù, ẹ ń para fún un? Ṣé ìyàwó ni yóò gbé ni?"

"Òun ni yóò sin ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ìwọ bọ́ ọ̀rá tó dí ihò ẹ̀rọ rẹ o, kò lè mí."

"Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ kúrò."

"Ó dáa. Mo ti sọ tèmi."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé eré ẹ̀rọ náà sókè láti ìṣísẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé mẹ́rin ààbọ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ó gbé iná sókè, ó jí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ooru fi di ọgọ́rùn-ún, eré sì wálẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tún bu iná sí i. Ó kú fin-ín.

"Ebi ló ń pa á," Àna ní. "Ẹni tó ń sáré, ṣebí à á fún un lóúnjẹ ni. Ẹ bù ú sí i!"

Ohun tó dun Ìyá Fáànù jù ni pé bí òun náà ṣe rò ó nìyẹn. Ní ọjọ́rú, ó tún bù ú sí i, òórùn kan sì jáde tí kò yẹ kó jáde lára ohunkóhun tí kì í ṣe ààrò.

Ó délé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ojú kọ́. Ọkọ rẹ̀, wẹ́dà ni, iná ló fi ń lẹ irin. Iwájú ilé ló ti ń lẹ ilẹ̀kùn àpótí kan. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti awò dúdú sókè orí, ó ní kó rojọ́. Ó rò ó tán.

"Báwo ni nǹkan tó ò ń da iná sí yìí ṣe nípọn tó?"

"Kò nípọn. Kò ju èékánná mi lọ."

"Èékánná! Tí o wá ń da iná tí wọ́n fi ń lẹ géètì bò ó? Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ ni, àbí o fẹ́ lù ú jálẹ̀?"

"Olówó orí mi, ẹ̀rọ tèmi yàtọ̀ sí tiyín."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Iná náà yàtọ̀ ni?" Ó fi ìka kan bọ́tìnnì tó fi ń dín iná. "Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti dì mú, ibẹ̀ ni mo dúró. Iná kì í ṣe oúnjẹ o, pé kéèyàn máa bù ú títí tí yóò fi gùnfẹ̀."

Obìnrin yìí wo bọ́tìnnì náà, ó wo èékánná rẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun lọ fọ ọwọ́, ó dọ̀tí.

Ní ọjọ́bọ̀, ó fi eré sí mẹ́rin ààbọ̀, ó sì fa iná tó ti bù dé fóòtì kan ààbọ̀ lójú òṣùwọ̀n wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fóòtì kan àti díẹ̀. Ó kú. Ó sún un sókè bíńtín, ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jí i. Ní ẹ̀karùn-ún, nígbà tí iná tó fóòtì kan àti ìdámẹ́rin, ó dì mú. Ó fún un níṣẹ́ wákàtí kan gbáko: eré kò yẹ̀, ooru kò kọjá mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Aago mẹ́jọ lù, àwọn méjèèjì tẹ̀ ẹ́ papọ̀. Ẹ̀rọ Àna bẹ́ síwájú bí ẹṣin tí wọ́n tú lókùn. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti sè ju ìdajì lọ, Àna sì ti ń bi ọ̀gá ibi tí wọn yóò gbé tábìlì gbà. Lẹ́yìn náà ni ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú ọ̀rá. Àwọn fáànù inú rẹ̀ ń ké, ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ihò, eré ń re ẹ̀yìn. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná pupa kú, tàwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Ohun tó ti sè dànù.

"Ẹ bá mi fi fáànù yín fẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ni Àna wí.

"Bọ́ ẹ̀wù ọ̀rá rẹ̀ ná."

Àna wojú ọ̀gá. Ọ̀gá wo òde. Ọ̀rá náà kò kúrò.

Ṣùgbọ́n tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n ń jà lé lórí náà, oòrùn aago kan máa ń bẹ̀ ẹ́ wò. Fèrèsé kò ní kọ́tìnì. Lẹ́tà karùn-ún ni ìyẹn ì bá jẹ́. Oòrùn wọlé, ó bọ́ sára ẹ̀rọ, ooru gùn dé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó ń lọ. Ìyá Fáànù kò lè fọwọ́ kan iná mọ́ láìdá ìsè dúró. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó na apá méjèèjì, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀, tí kì í ṣe kékeré, ṣíji bo ẹ̀rọ. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró bẹ́ẹ̀. Òógùn ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Fáànù kò yí ojú kúrò lára ẹ̀rọ, òun náà kò sì ní kó yí i.

Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìlá, ó jinná.

Dókítà wọlé, ó jókòó, ó rin ilé ìwòsàn rẹ̀ já lójú kọ̀ǹpútà. Ó dúró ní yàrá àwọn aboyún. "Oòrùn ọ̀sán yóò bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yìí," ó ní. "Ẹ bá mi sún fèrèsé náà. Ta ló ṣe èyí?"

"Ilé-iṣẹ́ wa ni, mà," ọ̀gá dáhùn.

"Ilé-iṣẹ́ ló ń làágùn tó báyìí?" Ó ń wo Ìyá Fáànù.

Nígbà tí dókítà lọ tán, ọ̀gá gún agbádá ọ̀rọ̀ wọ̀. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò kúrò lọ́wọ́ Ìyá wa, àdéhùn ni àdéhùn. Ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀rọ onídíńgí náà.

"Ìyá wa, mo sì tún fẹ́ ṣe yín lóore kan. Ẹ gba tuntun yìí. Kí Àna máa lo ògbólógbòó yẹn."

"Oore ni?"

"Oore ni. Láti inú ọkàn mi wá."

"Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ, ọ̀gá. Mo ní ẹ fún mi ní irinṣẹ́. N kò tọrọ oore nínú ọ̀kankan wọn."

"Ẹ gbàgbé ìyẹn. Ẹ ṣáà gbà á. Ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀."

Ìyá Fáànù fi etí aṣọ nu òógùn ọrùn rẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́jọ rẹ̀, ó ṣí yàrá àwọn aboyún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún fèrèsé.

"Rárá, ọ̀gá. N kò fẹ́."