Ẹni Tó Mú Un Wá

Onífáìlì ni gbogbo èèyàn iléeṣẹ́ omi ń pè é, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Tí ọ̀gá bá ń wá ìwé kan tí gbogbo wọn wá tì, wọ́n á ní, "Ẹ pe Onífáìlì, bó bá wà lókè eèpẹ̀, á rí i." Tí òun náà bá wá a tí kò rí i, a jẹ́ pé kò sí nìyẹn.

Irú ìdájọ́ yẹn náà ló ṣe ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó ní, ló kú tòun ti oyún oṣù méje. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wú, gìrì mú un, ó tán. Ọkọ rẹ̀, tó ń fi títún fíríìjì ṣe jẹun, ń fi omijé búra pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti gbé e lọ sí ọsibítù ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Onífáìlì bá gba ọsibítù náà lọ. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá wọ́ọ̀dù aboyún fóun, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ ikú nìkan ló bá níbẹ̀. Ó padà sílé, ó dúró láàárín ẹbí, ó ní:

"Mo ti wo ìwé wọn. Kò gbé e lọ síbì kankan. Irọ́ ló ń pa."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún tẹ ilé rẹ̀ nínú wọn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, ó kó lọ sí òdìkejì ìlú. Ìyá wọn kú lọ́dún tó kọjá, títí ó sì fi dákẹ́, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àna náà sétí.

Lọ́dún yìí ni iléeṣẹ́ rán Onífáìlì lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n fẹ́ kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń kó dátà tó fọ́n káàkiri ọ́fíìsì jọ sójú kan, àti bí a ṣe ń wa inú rẹ̀ yọ ohun tẹ́nì kankan kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ó fi káàdì orúkọ kọ́rùn, ó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, ọkùnrin tó jókòó tì í sì ń lajú sùn débi pé olùkọ́ rò pé òun ló ń fọkàn bá ẹ̀kọ́ lọ jù.

Ní ọjọ́ kẹta, olùkọ́, obìnrin olórí ewú kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, gbé dátà ọsibítù síwájú wọn lórí kọ̀ǹpútà.

"A ti yọ orúkọ gbogbo wọn kúrò," ló wí. "Ẹ bá mi wá àwọn aboyún tó kú, tí wọ́n sì ti wá sí ọsibítù láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn la à bá ti gbà là."

Ìlà mọ́kànlá ló jáde fún Onífáìlì. Ó ń kà wọ́n lọ jẹ́ẹ́, ó dé ìkeje. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oyún oṣù méje. Irin wà nínú egungun ẹsẹ̀ òsì.

Ojú rẹ̀ dúró lórí irin yẹn. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, ọ̀kadà gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n fi irin sí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, òun ló sì ń bá a gbé báàgì fún odindi sáà méjì. Ó wo ọjọ́ ikú. Ọjọ́ náà gan-an ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà wá. Àkọ́kọ́, yàrá pàjáwìrì: orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ wú, wọn kò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Èkejì, ibi tí àwọn èèyàn ti ń gba oògùn lọ sílé: wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀kẹta ni ikú. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ "ẹni tó mú un wá", wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ọkọ. Ọkọ. Ọkọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ló ní. "Ṣé ẹ̀rọ kò lè ṣèèṣì pa ẹni mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan?"

"Rárá o," olùkọ́ fèsì. "Ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà. Ṣẹ́ ẹ rí i, nígbà yẹn, ìwé pàjáwìrì lọ́tọ̀, ti olóògùn lọ́tọ̀, ti aboyún lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀kan kò lè mọ ohun tó wà nínú èkejì. Ìdí tí a fi ń kó wọn jọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Onífáìlì dìde, ó gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó má baà sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò padà sí gbọ̀ngàn. Ó wádìí títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a lórí ìjókòó láàárín àwọn fíríìjì tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn wọn, ó ń nu ẹ́ńjìnnì kan. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ni ọkùnrin náà wí. Ẹni tó máa ń pè é ní ìyàwó mi tẹ́lẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣàwàdà!

Onífáìlì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Bọ̀dá, mo ti rí i. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ẹ gbé e lọ lóòótọ́."

Ọkùnrin náà kò dá ọwọ́ dúró. "Mo mọ̀ pé mo gbé e lọ."

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Inú ìwé ni mo ti..."

"Ìwé." Ó gbé àkísà sílẹ̀. "Láti ọdún márùn-ún ni mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Ìwé ló ní mo purọ́, ẹ gbà á gbọ́. Ìwé tún ní mi ò purọ́, ẹ sáré wá. Èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ wọ takisí ńkọ́?"

Onífáìlì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọmọ náà ti ilé ìwé dé, ó ti di ọmọ ọdún méje, ó jọ ìyá rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n là wọ́n sí méjì. "Dádì, ta nìyí?"

"Ẹnì kan tó mọ màmá ẹ ni," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Onífáìlì kó ẹbí jọ, ó sọ fún wọn pé òun lòun dá ọkùnrin náà lẹ́bi lórí asán, ọkùnrin náà kò purọ́. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Kò sí bó ṣe lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ mọ́.

Ó tún padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé. Ọkùnrin náà kò lé e, kò sì ní kó jókòó. Onífáìlì ṣí fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan nínú fóònù, ó fi han ọmọ náà: obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín nínú kaba aláwọ̀ òféfèé. Ọmọ náà gba fóònù, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ wá sẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Èmi ni mo ra kaba yẹn," ló ní.

Ó jáde síta, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Onífáìlì fẹ́ lọ bá a. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀.