Géraldine kí àwọn ọmọ Moufidatou

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àgbà nọ́ọ̀sì kì í wáṣẹ́ kiri. Géraldine ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní Pobè débi pé àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ti ń bímọ. Nígbà tí ìjọba gbé Dieudonné ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ó di ẹrù, ó tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé ìwòsàn tó yà sí ní kò sáyè. Ó ti ń múra àtipadà sí Pobè, kí ọkọ máa gbé ìhín, kí aya máa gbé ọ̀hún, kó tó kan dókítà Fadel, tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan létí títì.

"Tàǹtí, a ò tíì mọ ọwọ́ yín," ni Fadel wí. "Ẹ wá máa wò wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá wù wá, a ó gbà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan aláìsàn o."

Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n ní kí ẹja wá máa wo odò! Géraldine ní, "Ẹ ṣeun, dókítà," ó sì jókòó. Obìnrin náà ní sùúrù, mi ò ní purọ́.

Ọ̀sẹ̀ ń parí lọ nígbà tí wọ́n gbé Moufidatou dé láti Ofè. Ó ń rọbí. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ kéékèèké méjì sì rọ̀ mọ́ ìyá náà láṣọ.

Flora, agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé, bi í pé, "Ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

Moufidatou wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ló dáhùn: "Wọ́n ń bẹ. A dúpẹ́."

Flora wo ọmọ méjì tó wà níwájú rẹ̀, ó kọ méjì. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀! Ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ wa?

Géraldine mọ̀ pé ẹni tó ní "wọ́n ń bẹ" lè ní ju méjì lọ. Ilé ọmọ tó ti gbé oyún púpọ̀, àárẹ̀ a máa mú un, bí ọmọ bá sì jáde tán, ẹ̀jẹ̀ lè má dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá sí i, iṣẹ́ lè bọ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá.

"Màmá, ẹ jẹ́ n kí àwọn ọmọ. Àkọ́bí ńkọ́?"

"Rachad wà."

"Ta ló tẹ̀ lé Rachad?"

"Àlàó. Òun náà wà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, inú ìyá ń dùn. Èmi náà ò ní ka iye wọn fún yín, àmọ́ ìyá ṣì ń dárúkọ lọ́wọ́ tí Géraldine fi sáré bá dókítà.

"Ẹ pèsè abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọmọ tó ti bí kọjá méjì dáadáa!"

Fadel ò jiyàn, mo yìn ín. Ọmọ jáde, ó ké, ẹ̀jẹ̀ sì ya tẹ̀ lé e. Dókítà gún abẹ́rẹ́. Géraldine ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan, ó gbé ọwọ́ lé ikùn obìnrin náà, ó ń fi gbogbo agbára ra á. "Moufidatou, má sùn o! Dá mi lóhùn!" Kò ṣíwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Fadel fọwọ́ tán, ó yíjú sí i. "Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan aláìsàn." Ó na aṣọ ìnuwọ́ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Tàǹtí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la."

Géraldine, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ò dẹ́rù bà, bọ́ síta, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ìyá rí i, ó ká ọwọ́ lérí: "Yéè! Moufidatou ti kú!"

Géraldine fò dìde, ó dì mọ́ ọn. "Rárá o, màmá! Ó ń fún ọmọ lọ́mú! Iṣẹ́ ni wọ́n fún mi!"

"Iṣẹ́ lo ń sunkún sí?" Ìyá gbá a lẹ́yìn pẹ̀ẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" Lòun náà bá bú sẹ́kún, ó dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀.