Èéfín Tí Ng Kò Dá fún Ẹṣin Adíkálà

Ọmọ ilé ẹlẹ́ṣin ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹṣin ìjòyè kan ni bàbá mi ń tọ́jú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ ni mo sì ti kọ́ ìrìn. Nítorí náà, nígbà tí ogun abẹ́lé parí, tí mo ń ta aṣọ ní Port Harcourt, tí mo wá gbọ́ pé tọkọtaya arúgbó kan ń ta ẹṣin ní Rumuigbo, ara mi kò gbà á. Mo ní ng ó kàn lọ wò ó lásán ni. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ẹṣin adíkálà ni, funfun tí àmì dúdú kún ara rẹ̀ bí ìgbà tí aró bá ta sí aṣọ. Òyìnbó tí bàbá náà ń bá ṣiṣẹ́ ọgbà ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tí ogun dé. Ebi pa òun àti ìyàwó rẹ̀ títí, wọn ò pa á jẹ. Àgbà ti wá dé, wọn ò lè gé koríko mọ́. Mo la ẹnu ẹṣin náà, mo wo eyín rẹ̀, mo gbé pátákò rẹ̀ sókè. Inú bàbá náà dùn bó ṣe ń wò mí.

"Butcher don come two times," ó ní. "I no gree. But you sabi horse. Na you I go give."

Iná kékeré kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà, wọ́n kó èèpo àgbọn tútù lé e, èéfín sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí mo sanwó tán, tí mo fẹ́ máa fa ẹṣin lọ, ìyá náà gbé agbọ̀n èèpo àgbọn kan fún mi.

"My pikin, morning and evening, make smoke for am. Fly for here bad. Make the fire no quench o."

Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín nínú. Kí ni ará etí omi fẹ́ fi kọ́ ọmọ ẹlẹ́ṣin? Bàbá mi kì í jẹ́ kí èéfín súnmọ́ ẹṣin. Ó ní ó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ló ń fún un jẹ.

Ìyàwó mi rí agbọ̀n náà. "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká dá èéfín yìí. Àwọn ló mọ ilẹ̀ wọn."

"Ṣé ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí ìwọ náà sí ni?"

A fi èèpo àgbọn ọ̀hún dáná omi ìwẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń fa ẹṣin lọ jẹko létí odò ní ọ̀nà Elelenwo. Àwọn èèyàn a dúró máa wò wá, orí mi a sì máa wú. Eṣinṣin ń bà lé e, mo ń fi ewé lé wọn.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun. Ara rẹ̀ gbóná, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo lo gbogbo egbòogi tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi. Nígbà tí mo wá sáré wá èèpo àgbọn, kò lè dìde mọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi pè wọ́n ní wèrè nínú ọkàn mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú. Mo sunkún, ng kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹran rẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Lẹ́yìn oṣù kan, bàbá náà fẹsẹ̀ rìn láti Rumuigbo, ó ru ìdì koríko kékeré kan. Ó dúró ti òpó tí mo ń so ẹṣin mọ́.

"Where him dey?"

Mo ní mo ti tà á fún ẹnìkan lọ́nà jíjìn. Ìyàwó mi tẹjú mọ́lẹ̀.

Bàbá náà wò mí lójú. "That man, him dey make smoke for am?"

"Yes, Papa. Morning and evening."

Ó sọ koríko rẹ̀ kalẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.