Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Ní Kí Ọmọ Ọlọ́mọ Kọ

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ òfin ọ̀rọ̀ sísọ ilé ẹ̀kọ́ wa sórí kọ̀mpútà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní yunifásítì kan tí wọ́n kọ́ sí àárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, níbi tí Ìkẹjà ti ń di Agége. Ọdún kọkàndínlógún mi nìyí níbẹ̀. Ọ̀gá mẹ́rin ló ti jẹ lójú mi. Gbogbo wọn ló bá mi lórí àga kan náà, àwọn tó ti lọ sì fi mí sílẹ̀ lórí ẹ̀.

Òfin náà jẹ́ mẹ́wàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó sì so ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán ni, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fọwọ́ sí, ìyẹn ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n da kọnkéré sí lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ yẹn bá ń ké, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ò ní gbọ́ tí ẹ bá kí i. Nígbà tí mo ń tẹ ibẹ̀, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín.

Òfin keje nìkan ló dára nínú gbogbo ẹ̀. Ó ní tí ọ́fíìsì wa ò bá fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, a jẹ́ pé a ti gba akẹ́kọ̀ọ́ náà láyè nìyẹn. Olùkọ́ kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ló ta kú lé e lórí nígbà ìpàdé. Ọ̀gá mi jẹ́ kó wọlé torí pé ó dùn ún fi han àlejò. Kò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan máa kà á dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin kan kà á dé ibẹ̀. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà, wọ́n ti ń múra ìdánwò àṣekágbá. Agége ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, wẹ́dà sì ni bàbá náà, géètì àti irin ojú fèrèsé ni wọ́n ń jó. Ọmọ náà kéré lára, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, débi pé ó máa ń sú mi. Mo máa ń ní, "Dìde, jàre, sọ ohun tó gbé ẹ wá."

Ohun tó gbé e wá ni omi. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé àwọn obìnrin ń rùn bíi díṣẹ́ẹ̀lì, inú sì ń run àwọn ọmọ tó ń mu ún. Gbogbo wa la mọ̀. Èmi fúnra mi kì í fẹnu kan omi ilé ẹ̀kọ́, píọ́ọ̀ wọ́tà ni mò ń rà lẹ́nu géètì. Ọmọ yìí kàn fẹ́ dúró sí gbangba kó sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀.

Ó kọ fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Ó so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ojú ìwé kan àbọ̀, kò sí èébú kankan nínú ẹ̀. Mo lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ ọjọ́ sí i, mo fún un ní tirẹ̀, mo gbé méjì yòókù síwájú ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi wò ó, ó tì í sábẹ́ àwọn fáìlì mìíràn. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò fẹ́ gbà, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kọ̀, ṣe ló máa ń jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo rán an létí. Ó ní kí n gbàgbé ẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ iṣẹ́ keje, ọmọ náà lọ dúró lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ní kété tí aago méjìlá lù, ó sọ̀rọ̀. Iná wà lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, gbogbo ohun tó sọ ló dún ketekete. Àwọn tó dúró gbọ́ ọ ò lè ju ogójì lọ. Àmọ́ ẹnì kan nínú wọn fi fóònù ká a sílẹ̀, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò náà ti dé ọwọ́ àbúrò mi tó ń tajà ní òpópónà Allen. Ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iléèwé yín kọ́ nìyí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbààgbà ilé ẹ̀kọ́ pe ọ̀gá mi, ó sì bínú dé. Ó ní kí n tẹ lẹ́tà kan: ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ, ó ba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́, kó wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Tí ó bá jẹ̀bi, wọ́n lè lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un kà, mo tún àmì ìdánudúró kan tí kò sí níbi tó yẹ ṣe.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, bàbá rẹ̀ mú un wá bá mi ní ọ́fíìsì. Àgbàlagbà tó jù mí lọ dáadáa ni wọ́n, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, ojú wọn pọ́n nítorí iná tí wọ́n fi ń jórin. Ọ̀gá mi ò tíì dé.

"Màdáámù, ẹ dákun, ẹ ràn wá lọ́wọ́," wọ́n ní. "Òun nìkan ló dé yunifásítì nínú gbogbo ilé wa. Mi ò mọ̀wé, ohun tẹ́ ẹ bá ní ká ṣe la máa ṣe."

Mo fẹ́ràn bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Ó wù mí láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní, pé kì í ṣe ìkà ló wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí i pé ó rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kàn bá a wí ni, á tán síbẹ̀."

Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò ṣẹ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù mi rèé, ẹ̀yin náà lẹ lu òǹtẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá kí n tó sọ̀rọ̀. Òfin keje ní—"

"Ta ló bi ẹ́ ní òfin keje?" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé àwọn tó bí irú bàbá ẹ lo fẹ́ máa ka òfin fún? Wọ́n ní kóo bẹ̀bẹ̀, ṣé wọ́n ní o jalè ni? Bẹ̀ wọ́n, kóo gba sàtífíkéètì ẹ, kóo máa lọ."

Bàbá rẹ̀ náà bá mi dá sí i. "Màdáámù fẹ́ràn ẹ ni, ọmọ mi. Bẹ àwọn ọ̀gá, kó parí."

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nílé wa, tí inú bá ti ń bí ìyá mi, a kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀, yálà òun ló fọ́ àwo tàbí òun kọ́. Tí ara ìyá mi bá wá rọ̀ tán, a ó sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi ẹran tó tóbi jù fún ẹni tó bẹ̀bẹ̀ láìjẹ̀bi. Mi ò tíì rí ilé kan ní Agége tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀, ti mùsùlùmí ni o, ti onígbàgbọ́ ni o. Tí a bá ní "ẹ má bínú", a ò sọ pé a jẹ̀bi, a kàn fẹ́ kí ara àgbà rọ̀ ni. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ọ́fíìsì kì í ṣe ilé. Ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ níbẹ̀, tó fọwọ́ sí i, á di ẹ̀rí. Èmi ni mo sì ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì láti gbogbo ọdún yìí wá, ó yẹ kí n mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mo fún un ní ìwé àti bírò, mo ń pe Gẹ̀ẹ́sì fún un, ó ń kọ ọ́. Pé àṣìṣe ńlá ni òun ṣe. Pé òun ò dúró gba àṣẹ kí òun tó sọ̀rọ̀. Pé iṣẹ́ èṣù ni. Pé irú ẹ̀ ò tún ní wáyé mọ́. Nígbà tó dé ibi àṣẹ yẹn, ó gbójú sókè.

"Mà, èyí kì í ṣe òótọ́."

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn," mo ní. "Kọ ọ́."

Omijé rẹ̀ kán sórí ìwé náà, ó jẹ́ kí yíǹkì tàn. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo fún un ní òmíràn kó tún un kọ. Nígbà tó parí, inú mi dùn sí lẹ́tà náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí n rí ìtìjú ọmọ.

Èèyàn márùn-ún ló jókòó ní ìgbìmọ̀ náà. Òórùn bísíkíìtì ń wọlé láti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri, bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́. Mo wà lẹ́bàá tábìlì, mò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ òfin tó ta kú lórí òfin keje wà lára wọn, òun ló sì kọ́kọ́ béèrè fọ́ọ̀mù. Ọmọ náà fi ẹ̀dà tirẹ̀ hàn wọ́n. Olùkọ́ náà wo òǹtẹ̀, ó ka ọjọ́ lórí ìka, ó gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Tó bá jẹ́ bó ṣe wà níbí yìí ni," ó ní, "ọmọ yìí ò rú òfin kankan. Àwa la ò fèsì."

Ọkàn mi fò fún ayọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi ṣí fáìlì, ó fa lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ jáde, ó kà á sókè láìyára. Nígbà tó dé ibi tí ọmọ náà ti sọ pé òun ò gba àṣẹ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Òun alára ló ní òun jẹ̀bi. Kí la tún fẹ́ máa bá a jà fún?"

Olùkọ́ náà gba lẹ́tà ọ̀hún, ó kà á fúnra ẹ̀. Ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé kò sẹ́ni tó ní kóo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ò pẹ́ lára mi, àmọ́ ó wò mí. Mo tẹ orí ba, mò ń kọ̀wé. Mo gbọ́ tó ní, "Rárá, sà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà pé akọ̀wé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Èmi ni mo tẹ òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí èyí tó ní kí akọ̀wé má lanu níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ló dì mí lẹ́nu. Mo rò ó pé ọ̀gá mi máa gbé mi kúrò níbẹ̀, mo rò ti owó iléèwé ọmọ tèmi, mo sì jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn dáàbò bò mí lójú àwọn tó fẹ́ lé e.

Wọ́n lé e lóòótọ́. Èmi náà ni mo tẹ lẹ́tà yẹn. Ìlà kejì rẹ̀ ní ìpinnu náà wáyé "gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra rẹ ti jẹ́wọ́".

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá náà tún mú un wá. Fìlà wà lórí wọn lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ mọ́. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kúnlẹ̀, kò sì kí mi. Mi ò dá a lẹ́bi.

"Màdáámù," bàbá rẹ̀ ní, "bóyá lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ò wọ̀ wọ́n lára tó. Ẹ bá wa kọ òmíràn. Kẹ́ ẹ fi kún un pé èmi bàbá ẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo dìde lórí àga mi. "Bàbá, lẹ́tà yẹn ló bà á jẹ́. Ọmọ yín ò ṣẹ̀ rárá, òfin gbè é. Ká ní kò kọ ọ́ ni, wọn ì bá má rí i lé. Èmi ni mo pè é fún un, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè, mi ò sọ̀rọ̀."

Wọ́n ń wo ẹnu mi. Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ara mi ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì mi, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì náà.

"Màdáámù, ẹ má bínú," wọ́n ní. "Àwa la ò mọ̀. A ti kó yín sí wàhálà. Ẹ má jẹ́ kí inú bí yín sí wa, nítorí Ọlọ́hun."

Ẹnu mi ti là kí n tó ronú rárá.

"Ẹ dìde, bàbá," mo ní. "Ó ti tán. Mi ò bínú."